Pẹ́ńsù àti Abẹ

Ní Òkè-Ẹ̀ṣọ́, ní Iléṣà,
lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń ta ìṣó àti páànù,
ni bàbá mi Ìlésanmí ti ń ya fótò.
Pẹ́ńsù kan, abẹ kan, dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá:
ohun tó fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn,
àti páálí bàtà mẹ́tàdínlógún tó kún fún fíìmù.

Ẹ jẹ́ n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí.
Nínú fíìmù, ayé ti yí padà:
ẹni dúdú ti funfun bí ẹfun,
irun orí ọmọdé ti hewú,
eyín ti dúdú bí ẹni fi èédú ṣe orín.
Bí o bá fẹ́ kí ojú ẹnìkan mọ́ nínú fótò,
dúdú ni wàá fi kùn ún nínú fíìmù,
díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsù tí ẹnu rẹ̀ mú bí ẹ̀gún.
Bí o bá fẹ́ kó dúdú,
abẹ ni wàá fi ha á.
Bàbá mi á ní, "Ẹ ò rí i?
Ẹni tó fẹ́ funfun, dúdú ló ń gbà.
Ẹni tó fẹ́ dúdú, ọgbẹ́ ló ń gbà."
Á rẹ́rìn-ín, á tún gíláàsì ojú rẹ̀ gbé wọ̀.

Sátidé kan, lọ́dún tí a ń tò nítorí ṣúgà,
mẹ́ta ni wọ́n wá.

Ìyá Ìbídùnní ló kọ́kọ́ dé láti Ìjòfì,
ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ méjì.
"Ọmọ mi yìí, adúmáadán ni, mo mọ̀,
èmi ni mo sì ń kì í bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.
Ṣùgbọ́n ilé ọkọ yóò gbé fótò yìí kọ́ ògiri.
Bá mi fọ̀ ọ́ díẹ̀."
Fọ̀ ọ́! Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ abọ́.
Ìbídùnní jókòó, ó ń ka ìka ọwọ́ ara rẹ̀.

Mísíìsì Kúrúpù ló tẹ̀lé e,
ará Íńdíà tó ń kọ́ wa ní ìṣirò,
tó máa ń sọ pé ọbẹ̀ wa kò ta tó.
Lẹ́tà ni wọ́n fi ń wá ọkọ fún ọmọbìnrin rẹ̀
ní ìlú tí ọmọ náà ti kúrò láti ọmọ ọdún mẹ́rin.
Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú gbogbo lẹ́tà náà:
báwo ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí?
Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó béèrè ìwé tó kà.

Ọjọ́ ti rọ̀ kí Sísítà Ẹ́díìtì tó yọ láti ọsibítù Wẹ́sílì,
ó pọ́n bí edé, imú rẹ̀ ń bó.
Gbogbo wa la mọ̀ pé ó máa ń fi àdín àgbọn para
kó tó lọ nà gbalaja sínú oòrùn lẹ́yìn ilé àwọn nọ́ọ̀sì,
tí àwa ọmọdé á máa yọjú lórí odi,
tí a rò pé ara rẹ̀ kò yá.
Ó fẹ́ kí fótò tó ń lọ sílé dúdú ju ojú rẹ̀ lọ.
Nílùú tiwọn, ó ní, ẹni tó funfun bí ìyẹ̀fun
ni kò rówó lọ síbi tí oòrùn wà.

Bàbá mi tan àtùpà. Pẹ́ńsù, pẹ́ńsù, abẹ.
Mo bá a di dígí mú lóru yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí.
Mo bi í pé ta ló tọ̀nà nínú wọn.
Ó ní, "Àwọn tó sanwó."

Ìbídùnní kú lọ́dún tó kọjá.
Nígbà tí wọ́n ń wá fótò tí wọ́n máa fi kéde,
àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ti ìgbéyàwó sílẹ̀ láti orí ògiri,
wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Lánàá mo tú páálí kẹsàn-án.
Mo gbé fíìmù kan sókè sí oòrùn ọyẹ́:
obìnrin kan, funfun báláú, eyín dúdú,
ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó di kámẹ́rà mú.
N kò mọ̀ ọ́n.
Mo wá ojú pẹ́ńsù, kò sí. Mo wá ojú abẹ.
Àfi ìgbà tí mo dé eyín iwájú, láàárín méjì,
fèrèsé tín-ín-rín kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá.
Èjí.
Ìyá mi, tó dúdú bí kóró iṣin.

Bàbá mi ti kọ ọ́ sára àpòòwé, pẹ̀lú pẹ́ńsù kan náà:
"Ti ulé. Kò sanwó."